Ẹ Bi Ògbufọ̀ Kóòtù: Ẹni tó gbépo lájà, àti ẹni tí kò rí àjà rárá

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé lójú ewé yìí: ògbufọ̀ ni mo jẹ́ ní kóòtù Májísíréètì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí fún ọdún 29 kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo bá kọ nípa òfin, ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ti kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tó bá jẹ́ èrò tèmi, n óo sọ pé tèmi ni.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ lójú mi ni pé wọ́n ti sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kọ ọ́ pé bí òfin ṣe wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, kí ó lọ fara mọ́ ọn.

Wọ́n bá fóònù olè lọ́wọ́ mi

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí ọjà Tákíé. Lóṣù tó kọjá, mo ra fóònù àlòkù kan ní ₦85,000 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń gbé fóònù kiri ọ̀dọ̀ àwa oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ní fóònù olè ni. Mi ò sí nílé, ni wọ́n bá mú àbúrò mi ọkùnrin, téṣàn ló sùn mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní ẹni tí a bá ti bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà lolè, àfi tí mo bá mú ẹni tó tà á fún mi wá. Mo ti wá ọkùnrin yẹn títí, mi ò rí i. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn?* (Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ kúrò lọ́nà, nítorí kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní abala 36 pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíì. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ti sọ ohun kan náà ṣáájú, ní abala 7. Òru tí àbúrò rẹ sùn sí téṣàn yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi ṣe ẹ̀rín lọ́la. Abala 35(6) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, kí ẹ tó gbàgbé.

Ó wá ku tìrẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ jọ òfin, àmọ́ wọ́n ti gé e lórí, wọ́n sì ti gé e nídìí. Abala 167(a) nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ó ní bí a bá bá ẹrù olè lọ́wọ́ ènìyàn kété lẹ́yìn tí wọ́n jí i, kóòtù lè gbà pé òun ló jí i, tàbí pé ó gbà á nígbà tó mọ̀ pé wọ́n jí i, àfi bó bá lè sọ bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ náà, "lè". Kóòtù lè gbà bẹ́ẹ̀. Òfin kò sọ pé dandan ni. Ta ni yóò sì gbà bẹ́ẹ̀? Kóòtù ni, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí káńtà téṣàn. Òfin náà kò sì ní kí o mú ẹni tó tà á wá. Àlàyé ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, àlàyé tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Bí o bá ti ṣe é, ọrùn olùpẹ̀jọ́ ni ẹrù padà sí. Òun ni yóò mú ẹ̀rí wá pé irọ́ lò ń pa, nítorí abala 36(5) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi hàn pé ó jẹ̀bi.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn fi tètè wọ àwọn ará ilé wa létí. Ó bá òwe wa mu: ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùpẹ̀jọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́, èmi náà ti fi tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, tí gbogbo kóòtù sì mi orí. Ṣùgbọ́n wo bí òwe náà ṣe dúró. Inú ilé kan ni wọ́n wà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń wo ẹni tó wà lókè. Ó mọ ẹni tó ni àjà, ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń sọ epo kalẹ̀ ló ni ín, ó wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbà á. Rírí tó rí i yẹn ló sọ ọ́ di olè. Ìwọ tó o jókòó ti máṣínnì rẹ ní Tákíé, àjà ta lo rí?

Òfin tó ní kí a yẹ ọwọ́ ẹni tí ẹrù wà wò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, láti ayé tó jẹ́ pé àgùntàn, ẹṣin àti aṣọ ni olè ń gbé. Kì í ṣe òfin burúkú. Bí ewúrẹ́ ìyá kan bá sọnù lánàá ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, tí a bá a lẹ́yìnkùlé ẹnì kan lónìí, ó yẹ kí onílé sọ̀rọ̀, èmi náà yóò ní kó sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ ń ké, gbogbo àdúgbò mọ àwọ̀ rẹ̀, kì í gba ọwọ́ ẹni márùn-ún kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù ńkọ́? Wọ́n lè já a gbà ní Ìbàdàn láàárọ̀, kí ó dé Ìlọrin lọ́sàn-án, kí ẹnì kan pààrọ̀ ojú rẹ̀, kí ó sì wà lórí tábìlì ní Under G lálẹ́, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ti ń ra nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù ti ní olówó mẹ́rin. Àwọn kóòtù mọ èyí díẹ̀. Wọ́n máa ń wo irú ẹrù tó jẹ́ kí wọ́n tó sọ bóyá "kété" ni tàbí ó ti pẹ́, nítorí ohun tó ń yára yí lọ́wọ́ kò dà bí ohun tó ń jókòó sójú kan. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n lo ọgbọ́n yẹn gan-an fún fóònù, kí wọ́n sì lò ó kíákíá, nítorí ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí kì í dé kóòtù. Ẹnu ọ̀nà téṣàn ni wọ́n ti ń fi owó parí rẹ̀.

N óo sọ ohun kan tó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 1994.

Wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó mọ̀ pé ẹrù olè ni nígbà tó rà á. Ohun tí òfin ọ̀daràn ti apá gúúsù wí náà nìyẹn ní abala 427: kí ẹni tó gba ẹrù náà mọ̀. Èmi fẹ́ kí ó yé bàbá dáadáa, ni mo bá bi í pé: "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀, àbí ó yẹ kí ẹ mọ̀, pé wọ́n jí i ni?" Bàbá wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ó yẹ kí n mọ̀." Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n dá bàbá padà sí àhámọ́.

Ibi tí mo ti ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ohun tí mo ṣe ti yé mi. Ẹni tó ní ó yẹ kí òun mọ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ̀. Àbámọ̀ ló wà lẹ́nu bàbá, èmi ni mo sọ ọ́ di ìjẹ́wọ́. Mi ò lè parí oúnjẹ náà. Nígbà tí ìjókòó kàn, mo lọ bá akọ̀wé àgbà kóòtù kí wọ́n tó pe ẹjọ́, ó mú mi wọlé lọ bá adájọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n bi bàbá ní ìbéèrè náà lọ́tun, bí ó ṣe wà nínú òfin gẹ́lẹ́. Ó ní rárá o, òun ò mọ̀. Ọjà gbangba lòun ti rà á, iye tí àwọn ẹlòmíì ń ra tiwọn lòun náà san. Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 ni bàbá fi wà ní àhámọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí èmi fi sí i lẹ́nu, mi ò sì rí bí mo ṣe lè dá ọjọ́ 11 náà padà fún un.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá da "ó mọ̀" pọ̀ mọ́ "ó yẹ kó mọ̀", ara mi kì í gbà á. Penal Code tí wọ́n ṣe fún ìhà àríwá ní tirẹ̀ fi ẹni tó ní ìdí láti gbà pé ẹrù olè ni kún un. Ti gúúsù kò fi í kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ó lọ sọ fún àwọn aṣòfin, kí ó má fi ẹnu ògbufọ̀ tàbí bírò ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú òfin.

Ohun tí wàá kó lọ bá lọ́yà rèé: àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì tó fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ rẹ, nọ́ńbà ọkùnrin náà àti ọjọ́ tí ẹ pe ara yín, àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta tó máa ń tà fún. Má fọwọ́ sí ìwé kankan ní téṣàn tí kò bá sí lọ́yà lọ́dọ̀ rẹ. Iye tó o rà á yóò jẹ́rìí fún ọ. Bó bá jẹ́ pé ₦15,000 lo ra fóònù tí gbogbo ọjà ń tà ní ₦85,000, ìdáhùn mi kì bá má rí báyìí, nítorí owó pọ́ọ́kú máa ń sọ̀rọ̀ sétí ẹni tó ń san án. Fóònù náà, fi ọkàn sí i pé o lè pàdánù rẹ̀. Ẹni tí kò ni nǹkan kò lè tà á kó di ti ẹlòmíì. Ọrùn ẹni tó tà á fún ọ ni owó rẹ wà. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ra àlòkù, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà tó bá jáde, wé ti ara páálí, kí ẹ sì gba rìsíìtì tí nọ́ńbà náà wà lórí rẹ̀. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ẹ má ka á sí ọwọ́.

Owó èésú

*Bàbá, mo jẹ ẹgbẹ́ ní owó èésú, ìdin ti wọ ọjà mi ni. Alága ní òun á fi ọlọ́pàá gbé mi. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?* (Oníṣòwò èlùbọ́, Sábó)

Kò lè fi ọlọ́pàá gba gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá kan náà, abala 32(2): wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Kí ó gbé yín lọ sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe agídí o. Gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, ẹ lọ bá wọn ṣètò bí ẹ ó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọlá àti Ọ̀la

*Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Ògbufọ̀. Ọ̀gì gbígbẹ ni mò ń ṣe ní Ọ̀yọ́, mo ti ń tà á lọ́jà Akẹ̀sán láti ọdún 2009. Ọlá ni mo sọ ọ́, gígékúrú orúkọ ìyá mi ni. Ọ̀rá aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán igbá funfun ni mò ń dì í sí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀gì tirẹ̀: ọ̀rá aláwọ̀ ewé, igbá funfun, ó wá kọ OLA gàdàgbà sí i. Mo lọ bá a. Ó ní tòun kì í ṣe Ọlá, pé Ọ̀la ni, bí a ṣe ń sọ pé ọjọ́ ọ̀la, nítorí àwọn ọmọdé. Ó tún mú ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, jáde, ó ní èmi gan-an ni mò ń lo orúkọ òun. Èmi ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ṣé mo ti pàdánù ni?* (Ìyá Ọlọ́gì, Ọ̀yọ́)

Ìyá wa, ẹ ò tíì pàdánù. Ìwé CAC tó ń jù kiri yẹn, orúkọ tí òun fi ń ṣòwò ló fi hàn; kì í ṣe ìwé àmì ọjà, èyí tí wọ́n ń pè ní trademark. Àìmọye ènìyàn ló ń ṣi méjèèjì mú, àní àwọn tó kàwé. Àmì ọjà, Àbújá ni wọ́n ti ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ní ọ́fíìsì tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣòwò. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe é ti wà láti ọdún 1965. Ọdún 7 ni wọ́n ń fún ènìyàn lákọ̀ọ́kọ́, bí ó bá sì tún un ṣe, ọdún 14 ni nígbà kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun tí ẹ kọ, òun náà kò ní in.

Ẹni tí kò forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ kò lè pe ẹjọ́ pé wọ́n tẹ àmì òun lójú. Ṣùgbọ́n abala 3 nínú òfin ọdún 1965 yẹn fi ọ̀nà ìlà kan sílẹ̀: ẹ lè pe ẹjọ́ pé ẹnì kan ń ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé tiyín ni. Ẹ óo fi hàn pé àwọn oníbàárà ti mọ ọjà yín mọ́ yín, pé ohun tó ṣe lè ṣì wọ́n lọ́nà, àti pé ó ń pa yín lára. Ẹni tó ti ń tà ní Akẹ̀sán láti 2009 kò ní wá ẹlẹ́rìí jìnnà.

Kóòtù ilẹ̀ wa ti gbọ́ irú rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, ilé iṣẹ́ sìgá méjì dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Bandmaster, èkejì ń jẹ́ Barrister. Ẹni tó mọ̀wé kà kò ní ṣi àwọn orúkọ wọ̀nyẹn mú. Ṣùgbọ́n kóòtù náà wo ẹni tó ń ra sìgá gan-an, ó rò ó pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé kà, bí ara páálí ṣe rí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1961 ní Onitsha, Niger Chemists mú Nigeria Chemists lọ sí kóòtù, oògùn ni àwọn méjèèjì ń tà, kóòtù sì ní kí èkejì má lo orúkọ yẹn mọ́. Mo fẹ́ràn ẹjọ́ sìgá yẹn ju èkejì lọ. Ẹni tó ń rajà ló wò, kò wo ìwé atúmọ̀ èdè.

Ọ̀rọ̀ wa wá nípọn ju ti sìgá lọ. Òfin ní kí a wo bí àmì méjì ṣe rí lójú àti bí wọ́n ṣe dún létí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ kò lè jìnnà síra. Létí Yorùbá, Ọlá àti Ọ̀la kò jọra rárá, bí ọkọ́ kò ṣe jọ ọkọ̀. Lọ́yà ọmọkùnrin yẹn lè dìde kí ó sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ẹ wá wo ohun tó kọ sára ọ̀rá: OLA. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín, ó ti jù ú nù kó tó tẹ ọ̀rá. Bí ohùn ló fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀, ṣebí kó ti kọ ohùn náà sílẹ̀. Tèmi ni pé kí kóòtù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá má ṣe fi ojú Gẹ̀ẹ́sì ka orúkọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ṣe àwíjàre.

Ẹ ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ògbufọ̀: ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹ ní kí ọmọ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó máa kọ bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣe béèrè ọ̀gì, ọjọ́ wo àti aago mélòó. Bí wọ́n bá ń nawọ́ sí ọ̀rá tirẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé "ẹ fún mi ní Ọlá", ẹ̀rí yín dé. Bí ẹnì kan bá sì padà wá bá yín jà pé ọ̀gì yín kan, tó jẹ́ tirẹ̀ ló rà, ẹ bẹ ẹni náà kó jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Kí ẹ sì lọ forúkọ sílẹ̀. Nínú ìsọ̀rí tí wọ́n pín ọjà sí níbẹ̀, ìsọ̀rí 30 ni ọ̀gì wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà, Ọlá, nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi gbogbo ojú ọ̀rá náà sílẹ̀ pẹ̀lú igbá àti àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ àmì ohùn sí i. Abala 9 kì í fẹ́ kí ènìyàn sọ orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé di tirẹ̀ nìkan, àfi bó bá fi hàn pé ó ti di mímọ̀ mọ́ ọjà òun. Mo fara mọ́ abala yẹn tọkàntọkàn. Bí kò bá sí, ẹnì kan ìbá ti gba "Ọ̀yọ́" mọ́ wa lọ́wọ́.

Àbí ẹ rò pé mò ń sọ àsọdùn? Lọ́dún 2015, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Timbuktu Global, fi ọ̀rọ̀ náà "Yoruba" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà wọn níbẹ̀, wọ́n sì gbà á fún wọn. Nígbà tí Gbemisola Isimi, ọmọ wa tó dá CultureTree sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá, fẹ́ forúkọ "Yoruba Stars" sílẹ̀, àwọn aláṣọ yẹn ló dìde tako ó. Ọdún 2021 ló kígbe síta. Ariwo ta, àwọn aláṣọ náà sì fi àmì náà sílẹ̀ fún CultureTree. Orúkọ odindi ìran! Òfin tó ní a kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò wà níbẹ̀ bó ṣe wà níbí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yẹ̀wé wò kò bá gbọ́ èdè náà, ọ̀rọ̀ tí mílíọ̀nù ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́ lè dà bí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo fẹ́ kí wọ́n máa bi ẹni tó gbọ́ èdè kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú, bí kóòtù kò ṣe lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ògbufọ̀.

Kámẹ́rà tó ń wo ẹ̀yìnkùlé wa

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Agbo ilé kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n fẹ́ mi sí. Àbúrò ọkọ mi kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó fi kámẹ́rà sórí ògiri rẹ̀ nítorí olè. Ẹ̀yìnkùlé wa ni kámẹ́rà náà kọjú sí, balùwẹ̀ wa kò sì ní òrùlé. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní orí ògiri òun ló wà, òun ò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa, kò sí kóòtù tó máa dá òun lẹ́bi. Kí ni kí n ṣe?* (Ìyàwó ilé, Ọ̀yọ́)

Ohun tí àbúrò ọkọ rẹ sọ yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ rí. Lọ́dún 1928, àwọn agbófinró so wáyà mọ́ wáyà tẹlifóònù àwọn tí wọ́n fura sí, láti ìta, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Kóòtù ní kò burú, ṣebí wọn ò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó di ọdún 1967 kí kóòtù kan náà tó yí ọ̀rọ̀ padà, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́tí sí lóde ibi tẹlifóònù ìgboro. Wọ́n ní ènìyàn ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ibi tó wà. Ọdún 39 ló gbà wọ́n.

Òfin Amẹ́ríkà kọ́ ló ń darí wa, àmọ́ tiwa kò gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní òun ń dáàbò bo àṣírí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé wọn, lẹ́tà wọn, ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹligíráàmù wọn. Ó rántí tẹligíráàmù, kò dárúkọ kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ: ọmọ orílẹ̀-èdè, kó tó kan ilé. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà, ní abala 3, yọ̀ǹda fún ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé ara rẹ̀, ó wá fi kún un pé kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíì lójú. Nítorí náà, "orí ògiri mi ló wà" kò tó ìdáhùn.

Èmi ò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí a lọ sí Amẹ́ríkà kí èyí tó yé wa. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, kò sí géètì lẹ́yìnkùlé. Ikọ́ ni géètì wa. Ọkùnrin tó bá ń bọ̀ yóò húkọ́ látòkèèrè, yóò ní "àgò o", yóò dúró títí yóò fi gbọ́ "àgò yà". Bí obìnrin kan bá ń wẹ̀, ó ti ráyè fa aṣọ mọ́ra. Ilẹ̀ tí gbogbo ìdílé jọ ni ni o, ọkùnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ó jẹ gbogbo ará ilé ní ìkìlọ̀. Kámẹ́rà kì í kágò. Kì í húkọ́, kì í yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń tọ́jú ohun tó rí.

Má gun àkàbà lọ fi aṣọ bò ó, má sì ju òkúta lù ú. Ẹjọ́ tìrẹ nìyẹn yóò dá sílẹ̀. Ya àwòrán ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga wà ní Ọ̀yọ́, ìlànà ọdún 2009 lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì jẹ́ kí ènìyàn lè gba ibẹ̀ lọ tààrà. Àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọkọ rẹ, kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì dára fún gbogbo agbo ilé. Ohun tí ẹ ń fẹ́ kò ju kí ó yí ojú rẹ̀ sí títì. Kí ọkọ rẹ lọ bá Mọ́gàjì. Tí wọ́n bá pe ìpàdé, kí ìyá ọkọ rẹ wà níbẹ̀, nítorí mo gbà pé òun náà ń wẹ̀ ní balùwẹ̀ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹ ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí fóònù rẹ̀, kí ó fi ohun tí kámẹ́rà ń rí han ìyá rẹ̀.